Ẹnjiníà tó fẹ́ bọ́ sídìí iṣẹ́ kúàlítì: ọ̀nà márùn-ún rèé, èwo ló bá yín mu?

Ìbéèrè tí àwọn ẹnjiníà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde máa ń bi mí jù, àtàwọn tó ti ń ya dírọ́ọ̀ìn tàbí tún ẹ̀rọ ṣe fún bí ọdún mẹ́ta mẹ́rin tó wá fẹ́ yí ọwọ́ padà, ni pé sátífíkéètì wo làwọn máa gbà káwọn lè wọ iṣẹ́ kúàlítì níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀yà ọkọ̀ òfurufú, ṣíìpù kọ̀ǹpútà, bátìrì ọkọ̀, tàbí irin tí wọ́n ń fi sínú eegun èèyàn. Ìbéèrè yẹn ò burú, àmọ́ ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń bọ̀ síwájú. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ni pé irú àṣìṣe wo lẹ lè fi ọdún mẹ́wàá máa wá tí ò ní sú yín?

Torí pé iṣẹ́ kúàlítì kì í ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ẹnì kan wà tó jẹ́ ìwọ̀n tó yẹ̀ ló ń wá, ẹnì kan ń wá ojú sísán tó sá pamọ́ sínú irin, ẹnì kan fẹ́ mọ̀ bóyá irin yẹn fúnra ẹ̀ lágbára tí wọ́n ní ó ní, òmíràn ń ṣọ́ iṣẹ́ kó má bàa máa yà bàrá díẹ̀díẹ̀, ẹlòmíì sì jókòó tó ń kọ kóòdù tó máa dán ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣíìpù wò kílẹ̀ tó ṣú. Gbogbo wọn ni wọ́n ń pè ní QC (quality control, ìyẹn ṣíṣọ́ bóyá nǹkan dáa bó ṣe yẹ), bẹ́ẹ̀ ọjọ́ wọn ò jọra rárá. Mo ti rí ẹnjiníà tó mọ̀wé gan-an tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín oṣù mẹ́jọ torí pé inú yàrá tí kò tọ́ sí i ló wọ̀.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Mẹ́rin ni. Àkọ́kọ́, owó àti àkókò tó máa gbà kí wọ́n tó lè jẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ sí nǹkan, torí níbi iṣẹ́ yìí, ẹni tí kò tíì lè fọwọ́ sí nǹkan, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ni, ì báà ní dìgírì méjì. Ìkejì, ṣé ohun tẹ́ ẹ kọ́ á tẹ̀ lé yín tẹ́ ẹ bá kúrò nílé iṣẹ́ yẹn, ṣé á ṣì níye lórí nígbà tí kámẹ́rà àti róbọ́ọ̀tì bá ti gba apá kan iṣẹ́? Ìkẹta, báwo ni ọjọ́ ṣe ń rí, ṣé ọwọ́ lẹ máa fi ṣiṣẹ́, ṣé ẹnu ni, àbí kọ̀ǹpútà, ṣé ẹ máa sùn nílé? Ìkẹrin ni èyí táwọn èèyàn kì í kà mọ́ ọn, ẹrù tó wà nínú ìfọwọ́sí yẹn: tẹ́ ẹ bá ní ó dáa tí kò sì dáa, ta ló máa jìyà ẹ̀? Ìkẹta ni mo ka sí jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí owó ṣe é wá, àkókò ṣe é fara dà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí kò bá ìwà èèyàn mu, kò séèyàn tó ń ṣe é dáadáa.

Wíwọ̀n

Metrology lorúkọ ẹ̀. Ẹ máa lo míkírómítà àti oríṣiríṣi géèjì, ẹ máa lo CMM, ẹ̀rọ tó ní ọ̀pá tín-ín-rín kan tí bọ́ọ̀lù rúbì wà lẹ́nu ẹ̀, tó ń fi í kan ara nǹkan níbi púpọ̀ kó tó lè sọ ibi tí ihò wà àti bí ojú ibì kan ṣe tẹ́jú sí, ẹ tún máa lo èyí tó ń fi lésà wo gbogbo ara nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ sì gbọ́dọ̀ lè ka àmì GD&T tó wà lórí dírọ́ọ̀ìn, ìyẹn àmì tó ń sọ ìrísí nǹkan àti ààyè tí wọ́n fún un láti fi yẹ̀, bí ẹni ń ka lẹ́tà, yálà ti ìlànà Amẹ́ríkà, ASME Y14.5 tí wọ́n tún ṣe ní 2018, tàbí ti ISO, àjọ tó ń gbé ìlànà àgbáyé kalẹ̀, torí àwọn méjèèjì jọra gan-an ṣùgbọ́n wọ́n ní ibi tí wọ́n ti yàtọ̀, ibẹ̀ gan-an sì nìjà máa ń ti bẹ̀rẹ̀ láàárín ẹni tó ṣe nǹkan àti ẹni tó rà á.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀yà alumíníọ̀mù kan wà tó gùn ní 200 mílímítà, ààyè tí wọ́n sì fún un láti fi yẹ̀ kò ju 0.02 mílímítà lọ lókè àti nísàlẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó ń gé e máa ń wọ̀n ọ́n bó ṣe ń jáde látinú ẹ̀rọ, á bọ́ sáàárín gẹ́ẹ́, á kọ OK sí i. Tó bá dé yàrá wa lọ́jọ́ kejì, á ti kéré jù. Wọ́n ní ẹ̀rọ wa ló ń purọ́, àwa náà ní ọwọ́ wọn ni ò dáa, àríyànjiyàn yẹn gbà wá lọ́jọ́ mẹ́ta gbáko. Lọ́jọ́ kẹrin mo bá lọ dúró ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé e, mo gba ẹyọ kan bó ṣe ń jáde, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ parí. Alumíníọ̀mù máa ń fẹ̀ ní nǹkan bíi máíkírọ́ọ̀nù 23 (máíkírọ́ọ̀nù kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà) lórí mítà kan fún gbogbo dígírì kan tó bá gbóná sí i, tó bá wá fi dígírì mẹ́wàá gbóná ju 20 lọ, èyí tó gùn ní 200 mílímítà á ti gùn sí i ní máíkírọ́ọ̀nù 46, bẹ́ẹ̀ máíkírọ́ọ̀nù 20 péré ni wọ́n fún wa lápá kan. Ìdí tí wọ́n fi fẹnu kò sí dígírì 20 ti Celsius nìyẹn, òun ni gbogbo ìwọ̀n orí dírọ́ọ̀ìn ń sọ àyàfi tí wọ́n bá kọ òmíràn sí i. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wa, nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ là ń wọ̀n.

Tí ìtàn yẹn bá dùn mọ́ yín ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ ti ń rí ọ̀nà yín nìyẹn o.

Ẹrù tó wà níbẹ̀ kì í hàn lójú kíá, àmọ́ ó wà. Dígí ńlá inú Hubble, awò tó ń wo ìràwọ̀ tí wọ́n gbé lọ sókè lóṣù kẹrin 1990, àwọn tó dán an ò ṣe é tì, wọ́n dán an débi tó mọ́lẹ̀ kedere, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n bó ṣe tẹ̀ ló ní lẹ́ńsì kan tó fi 1.3 mílímítà kúrò níbi tó yẹ kó wà, dígí náà wá tẹ́ jù létí pẹ̀lú nǹkan bíi máíkírọ́ọ̀nù méjì. Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni pé irinṣẹ́ mìíràn ti fi hàn wọ́n kó tó kúrò nílẹ̀ pé nǹkan kan ò tọ́, wọ́n ní irinṣẹ́ tí kò péye tó èyí táwọn ń lò ni, wọn ò gbà á gbọ́. Oṣù kejìlá 1993 ni wọ́n tó lọ tún un ṣe lókè lọ́hùn-ún.

Ní ti owó, wíwọ̀n ló rọrùn jù láti wọ̀ nínú gbogbo wọn. Kíkọ́ GD&T ò gbówó púpọ̀, ẹ lè fi dírọ́ọ̀ìn àtijọ́ kọ́ ọ fúnra yín kẹ́ ẹ tó lọ ṣe ìdánwò. Ẹ̀kọ́ lórí CMM ló máa ń wọ́n torí ọwọ́ àwọn tó ṣe ẹ̀rọ ló wà, ti ẹni kan kì í sì í bá ti ẹlòmíì mu, ẹ jẹ́ kí ilé iṣẹ́ san án. Bó ṣe máa dúró sí: ẹni tó kàn ń gbé nǹkan sórí tábìlì tó ń tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ ti ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ báyìí, torí wọ́n ti ń wọ̀n nǹkan lójú ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Àmọ́ ẹni tó lè kọ ètò tí CMM máa tẹ̀ lé, tó lè ṣírò iye tí ìwọ̀n náà fi lè yẹ̀, tó sì lè ṣe gauge R&R (ìdánwò tó ń fi hàn bí iye tí géèjì ń sọ ṣe ń yàtọ̀ tí wọ́n bá tún nǹkan kan náà wọ̀n tàbí tí ẹlòmíì bá wọ̀n ọ́n) kó sọ fún ọ̀gá pé ìyàtọ̀ tó ti ọwọ́ géèjì yìí wá ti kọjá ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ gbé e sọnù, tó bá wà lábẹ́ mẹ́wàá ẹ lè sinmi, ẹni yẹn ò ní ríṣẹ́ tì. Ilé iṣẹ́ tó ń tún géèjì wọ̀n fáwọn ẹlòmíì lábẹ́ ISO/IEC 17025, ìlànà àgbáyé fún ilé ìdánwò àti ìwọ̀n, náà ń wá irú èèyàn bẹ́ẹ̀.

Yíyẹ̀ ẹ́ wò láì bà á jẹ́

NDT (non-destructive testing) nìyí. Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù níbẹ̀ mẹ́fà ni: fífi ojú wò, omi aró tí wọ́n ń pè ní penetrant, òòfà àti ìyẹ̀fun irin, ìró tí etí ò lè gbọ́ tí í ṣe ultrasonic, iná mànàmáná tó ń yí nínú irin tí wọ́n ń pè ní eddy current, àti ẹ́síréè.

Penetrant ni màá fi ṣàpẹẹrẹ torí ojú lásán lè rí i. Ẹ máa fọ irin náà títí òróró kankan ò fi ní kù lára ẹ̀, ẹ fi aró pupa kùn ún, ẹ fi sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó ráyè wọnú ibi tó bá sán, lẹ́yìn náà ẹ nù ún. Nínù yẹn gan-an niṣẹ́. Aṣọ lẹ máa fi ohun ìfọ̀ rin kẹ́ ẹ tó fi nù ún, ẹni tó bá lọ fọ́n ohun ìfọ̀ sórí irin tààrà ti fọ aró inú ojú sísán jáde nìyẹn, ó sì máa fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́ pé kò rí nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá ti nù ún tán, ẹ fọ́n ìyẹ̀fun funfun sí i, ẹ wá dúró. Ọ̀pọ̀ ìgbà, funfun náà lẹ máa rí. Àmọ́ nígbà míì, ìlà pupa kan tó tín-ín-rín bí irun á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀díẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe máa ń yọ níbi tí ewé bá ti gé èèyàn lọ́wọ́, ojú sísán tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn ló ń fara hàn yẹn.

Bẹ́ẹ̀, èèyàn lè yẹ nǹkan wò kó má rí i. Lọ́jọ́ 19 oṣù keje 1989, ẹ̀rọ ìdí ọkọ̀ òfurufú United 232 fọ́ lójú ọ̀run, ọkọ̀ náà já lulẹ̀ ní Sioux City, èèyàn 296 ló wà nínú ẹ̀, ó lé ní 110 tó kú. Àwo titanium kan nínú ẹ̀rọ yẹn ló ya, àbùkù ti wà lára ẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti yọ́ irin náà, ojú sísán ń gùn sí i níbẹ̀ lọ́dọọdún. Àwọn tó ṣèwádìí ní ó ti sán débi tó ṣe é rí nígbà tí wọ́n fi irú aró yìí yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn, kò sẹ́ni tó rí i. Mi ò sọ èyí láti fi dẹ́rù bà yín. Mò ń sọ ọ́ torí pé ìrọ̀lẹ́ kan máa dé tó ti rẹ̀ yín, tó ku àwo mẹ́ta kẹ́ ẹ lọlé, àwo yẹn lè wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọ̀rọ̀ sátífíkéètì wá níbí, ẹ sì fara balẹ̀ dáadáa torí ibẹ̀ lowó ti ń ṣòfò. Èyí tó bá wà lábẹ́ ISO 9712, ìlànà àgbáyé fún àwọn òṣìṣẹ́ NDT, ilé ìdánwò tó dá dúró ló ń fún yín, ó tẹ̀ lé yín lọ ibikíbi tẹ́ ẹ bá ń lọ. Èyí tó bá jẹ́ ti SNT-TC-1A, ìlànà tó wá láti Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ tó gbà yín ló ń fún yín, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá kúrò níbẹ̀ ó ti kú, ilé iṣẹ́ tuntun ló máa tún un fún yín. NAS 410 àti EN 4179, ìlànà tí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ òfurufú ń lò, ọwọ́ ilé iṣẹ́ náà ni wọ́n wà. Nítorí náà ẹni tó lọ san owó ara ẹ̀ gba kọ́ọ̀sì SNT-TC-1A láìtíì ríṣẹ́, wákàtí ẹ̀kọ́ ló rà, kì í ṣe àṣẹ láti fọwọ́ sí nǹkan. Ìpele mẹ́ta ló wà: ẹni ìpele kìíní ń ṣe ohun tí wọ́n kọ fún un, ẹni ìpele kejì ń túmọ̀ ohun tó rí ó sì ń fọwọ́ sí i, ẹni ìpele kẹta ló ń kọ bí wọ́n ṣe máa ṣe é tó sì ń dán àwọn yòókù wò. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ló ní ìdánwò tiẹ̀ àti wákàtí ìrírí tiẹ̀, lọ́dọọdún sì ni wọ́n máa yẹ ojú yín wò. Dìgírì ẹnjiníà máa ń dín ọdún ìrírí tí wọ́n ń béèrè fún ìpele kẹta kù, ìdí tí mo fi máa ń sọ pé ẹnjiníà tó bá wọ NDT kò gbọ́dọ̀ jókòó sí ìpele kejì títí ayé.

Ọ̀nà tí mo máa ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú ni ultrasonic, lẹ́yìn ẹ̀ ẹ̀rọ CT, ẹ́síréè tó ń ya àwòrán inú nǹkan láti gbogbo ìhà. Irin tí wọ́n fi lésà yọ́ ìyẹ̀fun kọ́ ní ìpele-ìpele, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní 3D printing, lè ní ihò kéékèèké nínú tàbí ibi tí ìpele méjì ò ti lẹ̀ mọ́ra, ó sì lè ní ojú ọ̀nà nínú tí ọ̀pá CMM ò lè dé láéláé, CT nìkan ló ń rí ibẹ̀ láì gé e. Ẹ́síréè ojú iṣẹ́, èyí tí wọ́n ń gbé kiri, ń gba kéèyàn ṣiṣẹ́ lóru nígbà táwọn yòókù ti lọlé, pẹ̀lú òfin ìtànṣán tí kò gba eré rárá. Ẹ bá ará ilé yín sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó mú un.

Yàrá tí wọ́n ti ń fa irin ya

Níbí ẹ máa ń ba nǹkan jẹ́ kẹ́ ẹ lè mọ̀ ọ́n. Ẹ máa fa irin títí á fi já, ẹ máa fi Charpy, ẹ̀rọ tó ní òòlù tó ń fì, lù ú kẹ́ ẹ mọ agbára tó gbà kó tó ṣẹ́, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ mọ bó ṣe le tó, ẹ máa gé e, ẹ dán ojú ẹ̀, ẹ wò ó lábẹ́ awò. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kíka ojú ibi tí nǹkan ti ṣẹ́. Irin tí wọ́n lò títí tó fi rẹ̀ ẹ́ máa ń fi àmì sílẹ̀ bí ìlà tí omi òkun ń fi sórí iyanrìn, ẹ ó sì rí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ gan-an. Ọkọ̀ òfurufú Comet méjì já ní 1954, wọ́n rì odindi ara Comet kan sínú omi ní Farnborough, wọ́n ń ti omi wọnú ẹ̀ wọ́n ń dín in kù léraléra bí ẹni pé ó ń fò ó ń balẹ̀, títí ara ẹ̀ fi ya níbi igun fèrèsé. Irú ọgbọ́n yẹn ni wọ́n ṣì ń lò dòní.

Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fi ìyẹ̀fun kọ́ irin nílò yàrá yìí gidi gan-an, torí agbára irin tí wọ́n kọ́ báyìí lè yàtọ̀ láti òkè sísàlẹ̀ sí ti ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n wá máa ń kọ́ ọ̀pá ìdánwò mọ́ ẹ̀yà gidi lórí àwo kan náà kí wọ́n lè fa èyí ya dípò ìyẹn.

Ó ń gba àkókò jù gbogbo wọn lọ. Ẹni tí kò kọ́ ìmọ̀ irin ní yunifásítì á ní láti lọ kọ́ ọ, ọ̀pọ̀ ibi ló sì ń béèrè dìgírì kejì lọ́wọ́ ẹni tó máa ṣàlàyé ìdí tí nǹkan fi ṣẹ́. Àyè tó wà níbẹ̀ ò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀ tán, ẹ̀rọ ò tètè lè gbà á lọ́wọ́ yín: róbọ́ọ̀tì ti ń gbé ọ̀pá sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń fà á, àmọ́ ẹni tó máa sọ pé "ibí ló ti bẹ̀rẹ̀, ìdí sì rèé" ṣì ni èèyàn.

Ẹni tó ń ṣọ́ iṣẹ́ fúnra ẹ̀

Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ní lọ́kàn tí wọ́n bá ní quality engineer. Kì í wọ̀n ẹyọ kan, bí ẹgbẹ̀rún ẹyọ ṣe ń jáde ló ń wò. Ṣáàtì tí Walter Shewhart, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ ní 1924 ṣì ni ìpìlẹ̀ ẹ̀: ẹ máa fi í mọ ìgbà tí ìyàtọ̀ jẹ́ ti ojoojúmọ́ àti ìgbà tí nǹkan kan ti yí padà lóòótọ́, torí ẹni tó bá ń yí bọ́tìnnì ẹ̀rọ ní gbogbo ìgbà tí ìwọ̀n bá mì díẹ̀, ńṣe ló ń bà á jẹ́ sí i. Ẹ máa ṣírò Cpk, nọ́ńbà tó ń sọ bí iṣẹ́ ṣe ń dúró sáàárín ààyè tí wọ́n fún un, 1.33 ni ọ̀pọ̀ kọ́sítọ́mà ń béèrè kéré tán. Ẹ máa jókòó ṣe FMEA, ìyẹn kíka gbogbo ọ̀nà tí nǹkan lè gbà bàjẹ́, kí nǹkan tó bàjẹ́, ẹ máa kọ 8D, ìròyìn onígbèésẹ̀ mẹ́jọ lórí ohun tó fà á, nígbà tó bá ti bàjẹ́, ẹ máa múra sílẹ̀ fún ọ́díìtì lábẹ́ àwọn ìlànà kúàlítì bíi AS9100 fún ọkọ̀ òfurufú, IATF 16949 fún mọ́tò, ISO 13485 fún irinṣẹ́ ìṣègùn.

Àwọn kan á ní ìwé ṣáá ni. Rárá o. Lọ́jọ́ 5 oṣù kìíní 2024, pátákó tí wọ́n fi dí ojú ilẹ̀kùn kan tí wọn ò lò já kúrò lára ọkọ̀ òfurufú Boeing 737 MAX 9 ti Alaska Airlines lókè. Bóòtù mẹ́rin tó yẹ kó dì í mú, kò sí ìkankan níbẹ̀. Wọ́n ti ṣí i nílé iṣẹ́ kí wọ́n lè tún rífẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ṣe, wọn ò kọ ọ́ síbì kankan pé àwọn ṣí i, nígbà tí kò wá sí lákọsílẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó yẹ kóun lọ wò ó lẹ́yìn tí wọ́n dì í. Kò sí CMM tó máa rí ìyẹn, kò sí ultrasonic. Ìwé tí wọn ò kọ ni.

Iṣẹ́ ẹnu ni ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá lóòjọ́ lẹ máa sọ ohun tí ẹnì kan ò fẹ́ gbọ́, tó bá sì di ìparí oṣù tí wọ́n fẹ́ kó ẹrù jáde, gbogbo ojú á wà lára yín. Ẹni tí kò lè sọ pé "rárá" jẹ́ẹ́jẹ́ kó sì dúró lórí ẹ̀, kó má wọ̀ ọ́.

CQE (Certified Quality Engineer) ti ASQ, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ kúàlítì ní Amẹ́ríkà, ló wúlò jù nínú ìwé ẹ̀rí ibẹ̀ lójú tèmi, ìrírí ọdún mẹ́jọ ni wọ́n ń béèrè, àmọ́ dìgírì àkọ́kọ́ ń yọ mẹ́rin kúrò nínú ẹ̀. Ti Six Sigma, ọ̀nà dídín àbùkù kù tí Motorola bẹ̀rẹ̀ ní 1986, dáa, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ lágbára, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ gba bẹ́líìtì kankan (orúkọ tí wọ́n ń pe ìpele ìwé ẹ̀rí ẹ̀) kẹ́ ẹ tó ní nǹkan gidi tẹ́ ẹ fẹ́ tún ṣe. Mo ti fọ̀rọ̀ wá àwọn tó ní bẹ́líìtì dúdú lẹ́nu wò tí wọn ò lè sọ fún mi bí wọ́n ṣe mọ̀ pé géèjì tí wọ́n fi kó gbogbo dátà wọn jọ ń sọ òótọ́.

Kíkọ kóòdù tó ń dán nǹkan wò

Fún ṣíìpù, pátákó iná, bátìrì àti sẹ́ńsọ̀, ẹ̀rọ ló ń dán ẹ̀rọ wò. Iṣẹ́ yín ni láti ṣe ohun tó máa di nǹkan náà mú, láti so irinṣẹ́ pọ̀, kẹ́ ẹ kọ ètò ní Python tàbí LabVIEW, ohun ìkọ ètò fún irinṣẹ́ ìdánwò tó ti wà láti 1986, kẹ́ ẹ sì pinnu ibi tí ààlà wà láàárín èyí tó dáa àti èyí tí kò dáa. Ẹ tún máa ṣe burn-in, ìyẹn lílo ṣíìpù nínú ooru fún wákàtí púpọ̀ kí àwọn tó máa kú ní kékeré kú síbẹ̀ kí wọ́n má lọ kú lọ́wọ́ kọ́sítọ́mà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni kámẹ́rà tó ń lo AI. Wọ́n rò pé ẹ gbé e kalẹ̀ ló kù. Kẹ́ ẹ tó lè kọ́ ọ ní bí àbùkù ṣe rí, ẹ nílò àwòrán àbùkù tó pọ̀, ilé iṣẹ́ tó sì ń ṣe nǹkan dáadáa kì í ní àbùkù tó pọ̀ láti yà. Tẹ́ ẹ bá wá mú ààlà le jù, ẹ ó máa da èyí tó dáa nù, tẹ́ ẹ bá sì tú u sílẹ̀, èyí tí kò dáa á gba ẹ̀gbẹ́ yín kọjá, ẹ gbọ́dọ̀ lè fi nọ́ńbà sọ fún ọ̀gá iye tí méjèèjì máa náni.

Kò sí sátífíkéètì pàtó tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ yín, ohun tẹ́ ẹ ti ṣe ni wọ́n máa ní kẹ́ ẹ fi hàn. Python ọ̀fẹ́ ni, pátákó kékeré kan àti sẹ́ńsọ̀ méjì tó láti bẹ̀rẹ̀ nílé. Wọ́n ń wá irú èèyàn yìí gan-an, ó sì rọrùn láti gbé ìmọ̀ náà lọ síbòmíì. Àléébù ẹ̀ ni pé irinṣẹ́ ń gbó kíá, ẹ ò ní yé kọ́ tuntun, ọjọ́ tí ètò yín bá sì dá iṣẹ́ dúró láàárín òru, ẹ̀yin ni wọ́n máa pè.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tí owó ò sí, tẹ́ ẹ ò sì tíì mọ ibi tí ọkàn yín wà, ẹ mú wíwọ̀n. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó sọ bẹ́ẹ̀, torí ìmọ̀ ibẹ̀ lẹ máa kó lọ sínú mẹ́rin yòókù: ẹni tó ń ṣọ́ iṣẹ́ ń lo ìwọ̀n, ẹni tó ń kọ kóòdù ń lo ìwọ̀n, ẹni NDT gan-an ń wọ̀n bí ojú sísán ṣe gùn tó.

Ẹni tó fẹ́ ìwé ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni ò lè bá a jiyàn lé lórí, tí ojú ẹ̀ dáa, tí kì í kánjú, tó sì lè fara da kéèyàn máa rìnrìn àjò, kó lọ sí NDT, kó sì rí i pé lábẹ́ ISO 9712 ló ti gba àkọ́kọ́ tó bá jẹ́ owó ara ẹ̀ ló ń ná. Ẹni tó ti níṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ òfurufú, kó jẹ́ kí wọ́n fún un ní tiwọn, kó má fowó ara ẹ̀ ṣòfò.

Yàrá ìfàya wà fún ẹni tó kọ́ ìmọ̀ irin tàbí tó ṣe tán láti padà sílé ìwé, tí kì í sùn tí kò bá tíì mọ ìdí. Àwọn mìíràn, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Ẹni tó ti lo ọdún mẹ́ta sókè níbi tí wọ́n ti ń ṣe nǹkan, tó mọ orúkọ àwọn òṣìṣẹ́, tí wọ́n sì ń gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu, ni kó lọ máa ṣọ́ iṣẹ́. Mi ò ní gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níyànjú pé kó ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ẹ máa jókòó ṣe FMEA lórí nǹkan tẹ́ ẹ ò fọwọ́ kàn rí, àwọn tó ń ṣe é á sì mọ̀. Ẹni tó kọ́ iná tàbí kọ̀ǹpútà, tó máa ń fi òru kọ kóòdù láìsí ẹni tó rán an, kò nílò kí n sọ ibi tó máa lọ fún un.

Tó bá ṣì rú yín lójú, ẹ ṣe èyí lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ yá míkírómítà, ẹ mú ẹ̀yà irin mẹ́wàá tó yẹ kó jọra, ẹ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta láì wo iye tẹ́ ẹ kọ tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ sì ní kí ọ̀rẹ́ yín kan ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Iye yín ò ní bára mu. Ẹ wá kíyè sí ohun tó kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn nígbà tẹ́ ẹ rí i: ṣé ọwọ́ yín àti míkírómítà yẹn ni, ṣé ohun tó wà nínú irin ni, ṣé irin náà fúnra ẹ̀, ṣé ẹ̀rọ tó gé e, àbí bẹ́ ẹ ṣe máa kọ ètò tí kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ tún fọwọ́ wọ̀n ọ́n mọ́. Ọ̀nà tí ìbéèrè yẹn bá kọjú sí, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ sí.